Dókítà, Lọ́yà àti Òkú Odídẹrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé sọ nìyí, lórí eré àwàdà Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Dead Parrot, ìyẹn òkú odídẹrẹ́. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àga ṣì wà níwájú, ẹ máa bọ̀.

Gbogbo yín lẹ ti wo eré náà, nítorí náà mi ò ní tún un sọ látòkèdélẹ̀. BBC gbé e jáde lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1969, nínú apá kẹjọ ọ̀wọ́ kìíní Monty Python's Flying Circus, ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan gbé odídẹrẹ́ padà sí ìsọ̀ tó ti rà á. Kò tíì tó ààbọ̀ wákàtí tó rà á, ẹyẹ ti kú fin-ín fin-ín. Onísọ̀ ní kò kú, ó ń sinmi ni.

Àwọn kan ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìsọkúsọ lásán ni eré yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn fà á, mi ò sì ní í yé fà á. Ẹni tó bá ní ìsọkúsọ ni, kò tíì gbé ọjà tó bàjẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un rí.

Ẹ wo àwọn tó kọ ọ́ ná: Graham Chapman àti John Cleese. Ní Yunifásítì Cambridge ni wọ́n ti mọra. Ìmọ̀ ìṣègùn ni Chapman kọ́, ó kọ́ ọ yanjú, ó di dókítà. Ìmọ̀ òfin ni Cleese kọ́. Bí dókítà àti lọ́yà bá jọ jókòó kọ eré, kí ni wọn ì bá kọ bí kò ṣe òkú àti owó ọjà? Ta ló láṣẹ láti sọ pé ẹ̀mí ti bọ́? Dókítà ni. Ta ló ń sọ ẹ̀tọ́ ẹni tó sanwó? Lọ́yà ni. Oníbàárà inú eré yẹn, tí Cleese fúnra rẹ̀ ṣe, ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Ó gbé òkú jáde, ó gbá a mọ́ káńtà, ó sì tú àṣírí pé ìṣó ni wọ́n fi kan ẹsẹ̀ ẹyẹ mọ́ igi tó dúró lé. Ẹ̀rí ló ń tò kalẹ̀. Ìsọkúsọ kì í to ẹ̀rí.

Ọ̀dọ̀ Michael Palin, tó ṣe onísọ̀, ni ìtàn náà ti wá. Mẹkáníìkì kan ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀, àwáwí ti wà lẹ́nu ọkùnrin náà. Ní 1968 wọ́n ti fi í ṣe eré kékeré kan, Chapman ni oníbàárà, Palin ni ẹni tó ta ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sídìí rẹ̀, wọ́n yọ ọkọ̀, wọ́n fi ẹyẹ sí i. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà! Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣì ṣe é jiyàn lé lórí. Ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ lónìí lè dìde lọ́la. Òkú ò ní ọ̀la. Ọdún 1968 yẹn kan náà ni ìjọba Britain ṣòfin tó ń fìyà jẹ oníṣòwò tó bá pe ọjà rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Àwọn tó wo eré náà mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Àwa tí à ń pe odídẹrẹ́ ní Ayékòótọ́ ńkọ́? Àwọn tó kọ eré náà kò mọ orúkọ yìí, àmọ́ òtítọ́ ni wọ́n gbé sórí káńtà, tí onísọ̀ wò ó lójú, tó kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí orúkọ ikú. Ọba wàjà. Àgbà tẹ́rí gbaṣọ. Ìkókó kú, a ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ kú ni. Kò sẹ́ni tó máa ní ewúrẹ́ òun wàjà. Ohun tí oníbàárà yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Gbogbo orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń bo ikú èèyàn láṣọ, ó kó wọn lé ẹyẹ lórí tán pátá, nítorí ó ti sọ pé ó kú, onísọ̀ kò gbà. Bí lọ́yà ṣe ń kọ̀wé nìyẹn: á fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹni kejì má baà ríbi yọ́ gbà.

Ibí ni ọmọbìnrin kan ti nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ ẹjọ́ ni, kí ló dé tí kò sí ìdájọ́? Eré yẹn ò parí. Ẹyẹ kú, owó ò padà.”

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa àwòrán Terry Gilliam, ẹni tó ń ya àwòrán tó ń rìn fún ètò náà, nípa àwọn ìyá arúgbó tó ń jàgídíjàgan ládùúgbò nínú apá kan náà, àti bí Margaret Thatcher, olórí ìjọba Britain nígbà náà, ṣe fi òkú ẹyẹ yìí na ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, Liberal Democrats, lẹ́gba ọ̀rọ̀ ní 1990. Mo pa gbogbo rẹ̀ tì, nítorí ìbéèrè náà dùn mọ́ mi.

Òótọ́ ni, kò parí. Spike Milligan, aláwàdà kan ní Britain, ti fi hàn wọ́n lọ́dún 1969 kan náà pé eré àwàdà lè dá dúró láìní gbólóhùn ìparí tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Nínú apá kẹjọ yìí, ọ̀gá sójà kan ló ń wọlé dá eré dúró, á ní ó ti di ti ọmọdé jù. Ta ló ṣe ọ̀gá sójà yẹn? Chapman. Dókítà tó kọ eré náà ló ń sọ pé ó ti kú.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ni Chapman kú, lẹ́ni ọdún 48, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ètò náà pé ogún ọdún lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní London, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ dókítà. Cleese dìde. Àwọn orúkọ ikú tí àwọn méjèèjì jọ kọ fún odídẹrẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan, lórí Chapman fúnra rẹ̀. Palin, onísọ̀ tó ní ẹyẹ kò kú, wà nínú gbọ̀ngàn náà.