Mibu Kyogen: Ìwàásù Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí a bá dárúkọ eré ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan, Noh àti Kabuki ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èyí tí a ó yẹ̀ wò lónìí kò lókìkí tó méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí èyí tó fi hàn kedere tó o pé eré lè jẹ́ ìsìn gan-an. Mibu Kyogen ni wọ́n ń pè é, tẹ́ḿpìlì Mibu-dera ní ìlú Kyoto ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ní ọdún 1300, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Engaku ń wàásù, èrò sì pọ̀ débi pé ohùn rẹ̀ kò lè dé etí gbogbo wọn. Ó wá gbé ẹ̀kọ́ Búdà kalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ìfarajúwe. Títí di òní, òṣèré kankan kì í la ẹnu lórí ìtàgé Mibu. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ní Mibu, ojú pàápàá wà lábẹ́ ìbòjú. Ọwọ́, ẹsẹ̀, ọrùn àti ìdúró nìkan ló kù fún òṣèré láti fi bínú, kí ó fi ṣẹ̀fẹ̀, kí ó sì fi bẹ̀bẹ̀. Agogo, ìlù àti fèrè ló ń tẹ̀ lé wọn, tí àwọn ará ìlú sì fi ìró wọn, “kan-den-den”, sọ eré náà lórúkọ.

Ọgbọ̀n ni eré tí wọ́n ní. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan, Horaku-wari, tí wọ́n fi ń ṣíde lójoojúmọ́ nígbà ìrúwé, ní òpin oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ìjọba kéde pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà tuntun kò ní san owó orí. Ẹni tó ń ta ìlù ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n oorun gbé e lọ. Ẹni tó ń ta àwo amọ̀ wá fi ọgbọ́n àyínìke gba ipò rẹ̀. Nígbà tó yá, aláwo to ọjà rẹ̀ sí etí ìtàgé, òkìtì lórí òkìtì. Onílù dé, ó ti gbogbo rẹ̀ ṣubú láti òkè, wọ́n fọ́ yángá, eruku amọ̀ sì sọ lálá.

Àwo wọ̀nyí kì í ṣe ohun èlò eré lásán. Ní oṣù kejì, nígbà ọdún Setsubun tí wọ́n fi ń lé ibi lọ, àwọn olùjọsìn ti kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wọn sí wọn lára, wọ́n sì ti fi wọ́n sílẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí àwo bá ti fọ́, ibi tó ń bọ̀ wá bá ẹni náà ti yẹ̀ nìyẹn. Èyí ni mo rí tí mo fi ní ìsìn ni: bí àwọn olùjọsìn kò bá mú àwo wá, onílù kò ní ohun tí yóò tì.

Ọdún 1856 ni wọ́n kọ́ ilé tí ìtàgé náà wà, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí àǹjọ̀nú tó bá fìdí rẹmi ń bẹ́ sí. Ìjọba Japan ka eré yìí mọ́ ogún ìbílẹ̀ pàtàkì ní ọdún 1976, síbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun ló ń ṣe é: àwọn ará àdúgbò ni, ọmọdé àti àgbà, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀.