Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilé wọlé: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé sọ ní Akobo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ nǹkan kan, ta ló ń ṣí fèrèsé sùn lálẹ́ nínú yín? Ọwọ́ mẹ́ta péré nìyẹn. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ̀fọn ni, ẹ̀rù olè ni, gbogbo wa là ń tilẹ̀kùn mọ́rí gbọn-in gbọn-in, ohun tó sì gbé mi wá síbí gan-an nìyẹn.

Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ radon. Kò láwọ̀, kò rùn. Yuréníọ̀mù, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde tó wà nínú àpáta, ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di radon, á wá máa gba inú ilẹ̀ jáde. Orí àpáta sì ni Ìbàdàn jókòó lé, ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga ládùúgbò yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá wọlé, tí a fà á símú, àwọn nǹkan tí radon ń yí padà dà á máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ti ẹni tó ń mu sìgá tún wá burú jù.

Ní 1984, ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, Stanley Watras ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iléeṣẹ́ iná núkílíà, ẹ̀rọ tó ń yẹ èèyàn wò bóyá ìtànṣán wà lára wọn ṣáà ń ké lé e lórí, wọ́n rò pé ibi iṣẹ́ ló ti kó o, àṣé láti ilé ẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀! Ààlà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lónìí ni picocurie 4 nínú lítà afẹ́fẹ́ kan (ìwọ̀n ìtànṣán ni picocurie), ti ilé ẹ̀ tó nǹkan bíi 2,700. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn ní kó má kọjá 100 becquerel, ìyẹn ìwọ̀n ìtànṣán mìíràn, nínú afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, tí kò bá ṣeé ṣe, kó má kọjá 300.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá mo sún wọ́dúróòbù nínú rúùmù mi nísàlẹ̀, mo rí i tí èèrà tò lẹ́sẹẹsẹ jáde níbi tí táìlì ti fi ògiri sílẹ̀. Ibi tí èèrà bá ti rọ́nà, gáàsì á rọ́nà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń wọn radon nínú ilé. Agolo pẹrẹsẹ kan wà tí èédú wà nínú ẹ̀, ọjọ́ méjì sí méje lẹ máa ṣí i sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé e pa kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn fún wa, torí radon tó bá kó sínú ẹ̀ máa dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, tó bá wá lọ há sí páàkì ńkọ́? Ọ̀nà kejì, ìyẹn rọ́bà kékeré kan, ni kẹ́ ẹ lò. Radon máa ń ha á lára, wọ́n á wá ka ojú àpá ẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí ọdún kan ló ń lò, tó bá sì pé ọdún, òjò á bá a níbẹ̀, ọyẹ́ á bá a. Rúùmù ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ń sùn sí ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó ga díẹ̀ nílẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe kíṣìnì o, kì í ṣe balùwẹ̀. Ilé méjì tó fara kanra, iye inú wọn lè yàtọ̀ pátápátá, ẹ má wo ti aládùúgbò yín.

Tó bá ga, ẹ fi símẹ́ǹtì dí ojú tó sán àti ìdí páìpù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Tó bá ga gan-an, wọ́n máa ń ki páìpù bọ abẹ́ ilẹ̀ ilé tí fáànù á máa fa gáàsì náà jáde lókè òrùlé.

Màmá kan bi mí pé ṣé káwọn máa ti fèrèsé nígbà tí rọ́bà yẹn bá wà nílé. Rárá mà, bẹ́ ẹ ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sùn, ohun tẹ́ ẹ ń mí símú lálaalẹ́ la fẹ́ wọ̀n.