Ohun Tí Afinimọ̀nà Ń Fi Han Àlejò Nínú Àwọn Ààfin Seoul

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ afinimọ̀nà jẹun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí Gúúsù Kòríà. Ọjọ́ kan péré ni ọ̀pọ̀ àlejò ń rí lò fún àwọn ààfin Seoul kí wọ́n tó kọjá síbòmíràn. Bí a ṣe lè lo ọjọ́ kan náà dáadáa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní tèmi, afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ ni ẹni tó lè jẹ́ kí àlejò rí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ààfin Gyeongbokgung ni gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1395 ni wọ́n kọ́ ọ fún Ọba Taejo, ẹni tó dá ìdílé ọba Joseon sílẹ̀ ní 1392. Nígbà tí ogun Japan wọ ìlú ní 1592, ààfin náà jóná, ó sì di ahoro fún ohun tó lé ní 270 ọdún. Ọdún 1865 ni bàbá Ọba Gojong, tí wọ́n ń pè ní Daewongun, bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí Japan fi gba gbogbo ilẹ̀ Kòríà ní 1910. Wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ààfin, wọ́n sì gbé ilé ìjọba amúnisìn kan kalẹ̀ síwájú ìtẹ́ ọba gan-an. Wọ́n parí ilé náà ní 1926. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ 1995, tó pé àádọ́ta ọdún géérégé tí Kòríà gba òmìnira, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.

Gwanghwamun, ẹnubodè ńlá ààfin yìí, pàápàá ti rìnrìn àjò. Àwọn amúnisìn ṣí i kúrò níbi tó wà, ogun Kòríà jó o, wọ́n fi kọnkéré tún un kọ́ ní 1968, kí wọ́n tó wá fi igi kọ́ ọ padà sí ojú ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní 2010. Ẹnubodè 2010 yìí ni àwọn àlejò ń dúró sí iwájú rẹ̀ ya fọ́tò.

Mo ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan rí tí afinimọ̀nà wọn dárúkọ 1395 lẹ́nu ẹnubodè yìí, tí ó sì kó wọn wọlé láìsọ nǹkan mìíràn. Ó dùn mí gan-an. Àlejò tó bá gbọ́ 1395 nìkan yóò rò pé igi tí òun ń fọwọ́ kàn ti lé ní 600 ọdún. Ìtàn tó lágbára jù ni wọ́n fi dù ú: pé àwọn ènìyàn kan rí ilé wọn tó jóná, tí ọ̀tá wó o, tí wọ́n sì tún un kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí a ti sọ èyí, kí àlejò tó san owó wọlé. Won 3,000, owó ilẹ̀ Kòríà, ni àgbàlagbà ń san, ẹni tó bá sì wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, hanbok, kò ní san kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má sáré. Àgbàlá Geunjeongjeon, níbi tí ìtẹ́ ọba wà, tó ohun tí a lè fi ìdajì wákàtí wò. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dán an; ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun kí oòrùn má baà tàn yanran sí ojú àwọn ìjòyè. Àwọn òkúta kéékèèké tò ní ìlà méjì láti ìsàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n sì kọ ipò oyè sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjòyè alákọ̀wé ń dúró ní ọwọ́ ìlà-oòrùn, àwọn ìjòyè ogun ní ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn. Afinimọ̀nà tó gbọ́n á ní kí àwọn àlejò lọ dúró ti òkúta wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ ni àgbàlá tó ṣófo á kún, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á sì mọ bí ọba ṣe jìnnà sí òun tó. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí òrùka irin tí wọ́n rì mọ́ òkúta. Okùn àtíbàbà ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà ni àwọn ìkòkò irin ńlá wà, tí wọ́n ń pọn omi sí. Wọ́n gbà pé bí ẹ̀mí iná bá wá, tó rí ojú ara rẹ̀ nínú omi, ẹ̀rù á bà á, á sì sá lọ. Nínú ààfin tó jóná tó báyìí, ìkòkò yẹn kì í ṣe ohun tí a ń gbà kọjá.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn láti lọ wo bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán. Ó dára láti wò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ẹ̀yìn pátápátá, ní Geoncheonggung, ilé tí Ọba Gojong àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Kòríà ní 1887. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn apànìyàn láti Japan ti pa Olorì Min, ìyàwó Ọba Gojong, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá 1895. Ilé tó wà níbẹ̀ lónìí jẹ́ àtúnkọ́, ibẹ̀ sì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Jongmyo ló kàn, ojúbọ àwọn ọba tó ti wàjà. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹgbẹ́ tó ní afinimọ̀nà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, ní aago tí wọ́n ti dá. Ọ̀nà olókùúta kan wà níbẹ̀ tó pín sí mẹ́ta, tí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Ti àwọn ẹ̀mí ni àárín. Ọba fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Gbọ̀ngàn Jeongjeon ní yàrá 19, wàláà igi 49 tó dúró fún ẹ̀mí àwọn ọba àti olorì ló sì wà nínú wọn. Ilé náà jóná ní 1592, wọ́n parí àtúnkọ́ rẹ̀ ní 1608, ṣùgbọ́n àwọn wàláà kò bá a jóná: wọ́n gbé wọn dání nígbà tí Ọba Seonjo ń sá fún ogun. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìdílé Yi ti Jeonju, ìran àwọn ọba Joseon, ṣì ń bọ àwọn bàbá ńlá wọn níbẹ̀, pẹ̀lú orin àti ijó. Àjọ UNESCO fi ojúbọ náà sínú ogún àgbáyé ní 1995, ó sì ka ètùtù àti orin rẹ̀ sí ohun iyebíye ní 2001.

Ààfin Changdeokgung kò jìnnà síbẹ̀. Ọba Taejong ló kọ́ ọ ní 1405. Ọgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níye, ẹ tètè rà á. Adágún Buyongji ní igun mẹ́rin bí ilẹ̀ ayé, erékùṣù àárín rẹ̀ sì rí róbótó bí ọ̀run. Òkè adágún náà ni ilé ìkówèésí tí Ọba Jeongjo dá sílẹ̀ ní 1776 wà. Ẹnubodè kékeré tó lọ síbẹ̀ ń jẹ́ Eosumun, ẹja àti omi: àwọn ìjòyè ni ẹja, ọba ni omi.

Ẹ kíyè sí ọjọ́. Gyeongbokgung àti Jongmyo ń ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Changdeokgung ní ọjọ́ Ajé. Bukchon, àdúgbò ilé àtijọ́ tó wà láàárín àwọn ààfin méjèèjì, kì í ṣe ààfin. Àwọn ènìyàn ń sùn níbẹ̀. Àlejò da ìgbé ayé wọn rú débi pé ìjọba àdúgbò fi òfin de ibi tí èrò pọ̀ sí jù: aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àlejò lè rìn níbẹ̀, owó ìtanràn won 100,000 sì wà láti oṣù kẹta 2025. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ máa di afinimọ̀nà, ẹ má gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ẹnu ọ̀nà onílé.

Bí ẹ bá rí ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Suwon. Ọba Jeongjo kan náà ló mọ odi Hwaseong níbẹ̀ láti 1794 sí 1796. Ní 1801 wọ́n tẹ ìwé tó ròyìn iṣẹ́ náà jáde. Àwòrán ẹnubodè, àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé òkúta, iye owó, orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti iye ọjọ́ tí oníkálukú fi ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ogun Kòríà ba odi náà jẹ́ púpọ̀. Ìwé yìí ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n tún un ṣe láti 1975 sí 1979. Paldalmun, ẹnubodè gúúsù, ṣì jẹ́ igi àtijọ́. Janganmun, ẹnubodè àríwá, wó nínú ogun náà. Nígbà tí ẹ bá dé abẹ́ Janganmun, ẹ ní kí afinimọ̀nà yín fi àwòrán rẹ̀ láti inú ìwé 1801 hàn yín, kí ẹ wá gbójú sókè.