Òwú Kì í Wo Egbò: Ọ̀rọ̀ Lórí Rírán Ọgbẹ́ àti Ìtọ́jú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wáyé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ la kọ sílẹ̀ yìí, fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹ kú ìjókòó. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ nílùú yìí, nítorí láti 1907 ni ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà níbí. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ wa: òwú kì í wo egbò. Ara ló ń wo ara rẹ̀ sàn. Iṣẹ́ òwú kò ju kó di etí ọgbẹ́ méjèèjì mú títí ara yóò fi lè dì í mú fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ kan ṣàpẹẹrẹ, tí àdá ṣá lójúgun. Ọgbẹ́ náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ká a, ẹ fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10 gbáko, ẹ má sì ṣí i wò. Ṣíṣí tẹ́ ẹ bá ń ṣí i wò ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, torí ẹ̀ ń fa èyí tó ti dì kúrò lẹ́nu iṣan ni.

Mo mọ̀ pé ewé Akíntọ́lá ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ nà sí lóko. Orúkọ ọmọ bíbí ìlú wa ni ewé náà ń jẹ́, n kò sì ní bú u: oje rẹ̀ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ṣùgbọ́n ewé tá a fi ọwọ́ oko ra, iyẹ̀pẹ̀ wà lára rẹ̀, inú iyẹ̀pẹ̀ sì ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ẹni tó máa rán ọgbẹ́ náà yóò tún ní láti ṣa gbogbo ègé ewé yẹn kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí aṣọ mímọ́ bá wà, ẹ fi ewé sílẹ̀. Ti epo ọkọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín, n kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Níléewòsàn, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí àgbẹ̀ yìí gbé àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án bóyá ó ń mọ̀ ọ́n lára. Bí àdá bá ti gé iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n wá rán awọ bò ó, ojú ọgbẹ́ á jiná, ẹsẹ̀ á sì máa wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ibẹ̀ bá ti kú tipiri, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́ bóyá ó ń mọ nǹkan lára tẹ́lẹ̀.

Oògùn tó ń mú ara kú yìí, lignocaine, ní òdiwọ̀n. Èyí tí kò ní adrenaline (oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀) nínú kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 3 lọ fún kìlógíráàmù ara kan. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 60, 180 ni tirẹ̀. Nínú ìgò 1%, tó ní mílígíráàmù 10 nínú mìlílítà kan, ìyẹn jẹ́ mìlílítà 18. Nínú ìgò 2%, tó ní 20 nínú mìlílítà kan, mìlílítà 9 péré ni. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyẹn: ìgò méjèèjì jọra, ẹni tó ń kánjú kì í ka ara ìgò. Bí aláìsàn bá ní ètè òun ń kú, tàbí etí òun ń hó, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, torí gìrì ló lè tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gún un láti inú etí ọgbẹ́ dípò orí awọ, tí wọ́n sì rọra ń tì í, kò ní dunni tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá dúró fún bí ìṣẹ́jú 5.

Lẹ́yìn náà, fífọ̀. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ mú nǹkan mìíràn lọ sílé, ẹ mú èyí: ọgbẹ́ tí wọ́n fọ̀ dáadáa tí wọ́n rán bó ṣe rí sàn ju èyí tí wọ́n rán lọ́nà àrà lórí ìdọ̀tí lọ. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ni mìlílítà 50 sí 100 fún sẹ̀ǹtímítà kan. Ọgbẹ́ àgbẹ̀ wa yóò gba nǹkan bíi 300 sí 600, ìyẹn bí ìwọ̀n omi inú ọ̀rá kan. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn dà á lé e. Inú síríńjì ńlá ni wọ́n ti ń fún un, kó lè fi ipá ta iyanrìn jáde. Omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fa dírípù ló wọ́pọ̀, àmọ́ omi ẹ̀rọ tó mọ́ tó ṣeé mu náà ń ṣiṣẹ́ yẹn. Sípíríìtì kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbẹ́. Bó ṣe ń pa kòkòrò ló ń pa ẹran tútù tó fẹ́ hù.

Ẹ̀yin aránṣọ, nọ́ńbà òwú abẹ ń rìn sẹ́yìn. Bí òdo bá ṣe pọ̀ tó ni òwú ṣe ń tínrín tó: 2-0, ìyẹn òdo méjì, nípọn ju 5-0, ìyẹn òdo márùn-ún, lọ. Ojú ń gba 5-0 tàbí 6-0, apá àti ẹsẹ̀ ń gba 4-0 tàbí 3-0. Òwú kan wà tí ara máa ń jẹ tán fúnra rẹ̀, òun ni wọ́n ń lò nísàlẹ̀ awọ. Ara kì í jẹ òwú náílọ́ọ̀nù, orí awọ ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á sì tú u tó bá yá.

Ohun kan tún wà tí iṣẹ́ yín fi yàtọ̀ sí èyí. Aṣọ kì í wú, awọ ara ń wú. Òwú tó fún dọ́gba lónìí yóò ti fún jù lọ́la, torí ọgbẹ́ máa ń wú láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà dé etí ọgbẹ́ mọ́, etí náà á dúdú, á kú, ọgbẹ́ á sì tún là. Ẹni tó ń wòran á ní òwú ò fún tó. Fífún tó fún jù gan-an ló là á. Kí etí méjèèjì kàn fẹnu kora ti tó.

Bí wọ́n ṣe ń rán ẹyọ kan nìyí. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni, ẹnu irin ni wọ́n fi ń dì í mú, kì í ṣe ọwọ́. Ó ń wọlé ní òòró gan-an, bíi mílímítà 5 sí etí ọgbẹ́, ó sì ń jáde lódìkejì ní ìwọ̀n kan náà àti jíjìn kan náà. Bí apá kan bá jìn ju èkejì, etí kan á gun orí èkejì, àpá rẹ̀ á sì máa dà bí àtẹ̀gùn. Ó dára kí etí méjèèjì yọ sókè díẹ̀, torí àpá máa ń rì tó bá pẹ́. Àárín ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn á wá pín ìyókù sí méjì, méjì, kí awọ má baà ṣẹ́kù lápá kan. Náílọ́ọ̀nù ń yọ̀, nítorí náà ó ń gba kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ kan ni kókó sì ń sùn sí, kì í sùn sórí ojú ọgbẹ́. Ẹyọ 5 sí 7 ti tó fún sẹ̀ǹtímítà 6.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ni wọ́n ń rán lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí èèyàn fi eyín bù jẹ, ọgbẹ́ tó ti ń ṣọyún, èyí tó kún fún ẹrẹ̀ tó sì ti pẹ́ nílẹ̀: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀sì tó tutù sínú rẹ̀, wọ́n á ṣí i wò ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, bó bá mọ́, wọ́n á wá rán an. Àwọn ẹbí máa ń bínú pé dókítà ò ka àwọn sí. Ó kà yín sí o. Ọgbẹ́ ẹlẹ́gbin tí wọ́n rán pa, ìkòkò ọyún ni. Bó bá jẹ́ ajá ló bù ú jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ló kọ́kọ́ kàn, nílé, kẹ́ ẹ tó gbéra lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ọjọ́ tí wọ́n ń tú òwú kò dọ́gba. Ti ojú jẹ́ bí ọjọ́ 5, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, àpá rẹ̀ á dà bí ojú irin rélùwéè. Ti orí àti apá jẹ́ 7 sí 10, ti ẹsẹ̀ àti oríkèé jẹ́ 10 sí 14. Ẹ̀gbẹ́ kókó, níbi tó ti fẹ́ wọ awọ, ni wọ́n ti ń gé e, kí èyí tó ti wà níta tó ti dọ̀tí má baà gba inú ọgbẹ́ kọjá.

Ọjọ́ tí wọ́n tú òwú kọ́ ni egbò jiná. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, agbára tó wà lójú ọgbẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti awọ tí nǹkan ò ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tó bí 20 sí 30 nínú 100. Ní oṣù kẹta, bí 80, kì í sì í padà dé 100 láéláé.

Ìyẹn ló fà á tí ikùn fi yàtọ̀. Awọ funfun líle tó wà lábẹ́ ọ̀rá ló ń di ìfun mú sínú, kì í ṣe awọ òkè tẹ́ ẹ̀ ń rí. Òwú tó máa pẹ́ ni wọ́n fi ń rán an, ó sì yẹ kí gígùn òwú tó wọ ara tó ìlọ́po mẹ́rin gígùn ojú abẹ, ó kéré tán. Dókítà Jenkins ló fi òdiwọ̀n yìí hàn ní 1976. Ojú abẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 á gba òwú 80. Ìdí ni pé ikùn ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí òwú bá kúrú, á gé ẹran bí àwọn oníṣòwò ṣe ń fi òwú gé ẹyin sísè.

Bó bá fẹ́ já, láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ló wọ́pọ̀, àmì kan sì máa ń ṣáájú: omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á ṣàdéédé rin bándéèjì gbingbin. Ẹ má fi aṣọ mìíràn wé e kẹ́ ẹ wá sùn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó ká orúnkún sókè, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti fi omi iyọ̀ dírípù rin bò ó, ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ìfun bá ti yọ, ẹ má tì í padà.

Dídìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín wákàtí 24 kì í ṣe ìkà nọ́ọ̀sì. Ẹni tó sùn sójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ikọ́ á sì kó sí i láyà. Kó kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. Bó bá fẹ́ wúkọ́, kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú abẹ. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń ro, tàbí tí èémí ń gé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Ibà náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Èyí tó bá dé lọ́jọ́ kejì lè tinú àyà wá, tọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lè jẹ́ ti ìtọ̀ tàbí ibi tí dírípù wọlé, tọjọ́ karùn-ún síwájú, ẹ ṣí ojú abẹ wò. Ibà ẹ̀fọn ò ka ọjọ́ ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ìlú wa ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹni tí wọ́n rán ìfun rẹ̀, ẹ̀kọ ló ń ṣáájú ọkà, ìgbà tí dókítà bá sì yọ̀ǹda ni. Lẹ́yìn náà, ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín: ohun tí ara fi ń hun ẹran tuntun nìyẹn, kì í ṣe èèwọ̀ egbò. Èso kajú tí ẹ ń jù nù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ kóró rẹ̀ kún fún fítámì Sí tí egbò nílò.

Ìbéèrè kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá: ìgbà wo ni obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lè pọn ọmọ rẹ̀? Ọmọ náà gan-an ni òṣùwọ̀n. Ohun tó bá wúwo jù ú lọ, kí ìyá má gbé e fún ọ̀sẹ̀ 6, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 sì jẹ́ kìlógíráàmù 25. Gbígbé ọmọ lọ́wọ́ kò léwu. Pípọ̀n ni kó sún síwájú títí ọ̀sẹ̀ 6 yóò fi pé, nítorí bíbẹ̀rẹ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn àti ìró tó máa fún mọ́ ikùn, ojú abẹ ni méjèèjì ń fà.