Kí Róbọ́ọ̀tì Tó Gbé Páálí: Bí A Ṣe Ń To Bẹ́líìtì Agbẹ́rù

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìfẹ́ iṣẹ́. Ohun tá a fẹ́ ṣe nìyí: páálí kékeré ń jáde látinú ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu páálí, bẹ́líìtì ń gbé e bọ̀, apá róbọ́ọ̀tì á sì máa he é lórí ìrìn, á máa tò ó sínú páálí ńlá. Páálí kékeré náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó wúwo tó kílò 2, a sì fẹ́ kí 40 kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè wá sí irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọjà bá ń dé ségesège, kò sí róbọ́ọ̀tì tó lè bá yín tún un ṣe. Bó bá ń dé létòlétò, róbọ́ọ̀tì tí kò yára púpọ̀ pàápàá á ṣe iṣẹ́ náà yanjú. Torí náà, bẹ́líìtì ló ṣáájú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pa iná níbi súìṣì ńlá, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú páìpù dànù pẹ̀lú. Iná kì í ṣòro rántí, afẹ́fẹ́ làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú páìpù lè ti irin jáde lójijì, kó sì gé ọmọ ìka. Mi ò fi èyí ṣeré rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Páálí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. A fẹ́ àyè sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín òun àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti imú páálí kan dé imú èkejì á wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 40, ó di mítà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Eré tí bẹ́líìtì wa gbọ́dọ̀ máa sá nìyẹn.

Báwo la ṣe ń rí àyè yẹn? Ẹ sún mọ́ ibí yìí, níbi tí bẹ́líìtì méjì ti pàdé. Lórí ti àkọ́kọ́, gbogbo páálí ló fara kan ara wọn, imú tibí kan ìdí tọ̀hún. Mítà 8 ni bẹ́líìtì yẹn ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ń lọ ní mítà 12. Ẹ wo páálí yìí dáadáa: imú rẹ̀ ti wà lórí èyí tó yára, ṣùgbọ́n kò tíì yára. Ó dìgbà tí ó lé ní ìdajì rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀. Ó ti já báyìí! Àyè ti là láàárín òun àti èyí tó wà lẹ́yìn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ìyẹn, eré méjì tí kò dọ́gba ló ṣe é. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ṣùgbọ́n bí ìdí páálí bá ń dán, á máa yọ̀, àyè á wá máa yàtọ̀ síra. Nígbà náà, ojú bẹ́líìtì ni kí ẹ pààrọ̀ sí èyí tó ń di nǹkan mú, ẹ má wulẹ̀ fi kún eré.

Tó bá jẹ́ róólà lẹ fẹ́ lò dípò bẹ́líìtì, ó kéré tán, róólà 3 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ páálí nígbà gbogbo. Fún páálí tiwa, láti àárín róólà kan dé àárín èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Ẹ tan bẹ́líìtì lófìfo, kí ẹ wo etí rẹ̀. Bó bá ń sún sí ọ̀tún, ẹ lọ síbi róólà ìdí, èyí tí ẹ̀rọ kì í yí, kí ẹ mú bóòtù apá ọ̀tún le díẹ̀, ìdámẹ́rin yíyípo kan péré. Ẹ wá jẹ́ kó yí lọ yí bọ̀ fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń kánjú níbi èyí á fi etí bẹ́líìtì ṣòfò.

Ojú iná ló kàn. Ìtànṣán ń jáde lára sẹ́ńsọ̀ yìí, ó ń lọ bá dígí kékeré tó wà lódìkejì, ó sì ń padà. Páálí tó bá gé e ti sọ pé òun dé nìyẹn. Àmọ́ bí ọjà bá ń dán, tàbí tí wọ́n fi ọ̀rá wé e, ara ọjà fúnra rẹ̀ á dá ìtànṣán padà, sẹ́ńsọ̀ á sì rò pé kò sí nǹkan kan níwájú òun. Irú èyí tó ní polarizing filter ni kí ẹ lò, ìyẹn asẹ́ tó ń jẹ́ kó dá ìtànṣán tó ti ara dígí wá mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti ara ọjà wá.

Kẹ̀kẹ́ kékeré tó gun bẹ́líìtì yìí ni encoder, ohun tó ń ka bí bẹ́líìtì ṣe rìn tó. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, ó sì ń ka 1,000 ní yíyípo kan, ìyẹn ni pé kíkà kan jẹ́ mìlímítà 0.2. Ara bẹ́líìtì gan-an ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń yí bẹ́líìtì, torí bẹ́líìtì máa ń yọ̀ lórí róólà nígbà míì. Ẹ lẹ téèpù funfun mọ́ bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kó rìn mítà kan géérégé, kí ẹ wo ohun tó kà. 5,000 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ka 4,900, ó lè jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ń yọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ọn tó fi tóbi sí i. Ẹ nù ún, kí ẹ tún un wò.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dàrú jù rèé o. Kámẹ́rà ya àwòrán páálí, kọ̀ǹpútà sì ń wá ibi tó wà. Ká ní ó gbà á ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Mítà 12 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ mìlímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí kọ̀ǹpútà tó dáhùn, páálí ti fi mìlímítà 20 kúrò níbi tó wà nínú àwòrán. Ohun tá a ń ṣe ni pé, lójú ẹsẹ̀ tí kámẹ́rà bá yà á, ẹ jẹ́ kí ètò náà kọ nọ́ńbà encoder sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn àti ti ìsinsìnyí ni róbọ́ọ̀tì á fi mọ ibi tí páálí dé. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti dáhùn, ẹ̀yìn páálí lọwọ́ róbọ́ọ̀tì rẹ̀ á máa balẹ̀ sí.

Ní ti apá, fún ọjà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ lo róbọ́ọ̀tì delta, oníapá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ń rọ̀ láti òkè, èyí tí Reymond Clavel gbé jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga EPFL ní Siwítsáláǹdì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Fún kílò 2 tá a fẹ́ tò sínú páálí jíjìn, apá oníríkèé mẹ́fà ni mo yàn.

Ife rọ́bà ni á fi gbá a mú. Ife kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 40, tí ìfami rẹ̀ jẹ́ 60 kilopascal, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 75 Newton (Newton la fi ń wọn agbára). Ká ní eré róbọ́ọ̀tì ń fi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti gbé kílò 2 sókè, pẹ̀lú ìlọ́po méjì fún ààbò, á nílò 60 Newton. Ife kan tó o nìyẹn, àbí? Rárá o. Tí apá bá ju páálí sí ẹ̀gbẹ́, páálí á fẹ́ yọ̀ lábẹ́ ife. Bí ìdìmú ojú páálí, ìyẹn bó ṣe ń di ife mú tí kì í yọ̀, bá jẹ́ 0.5, ohun tí a nílò di 79 Newton. Ó ti ju agbára ife kan lọ. Páálí pàápàá sì máa ń jò, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba ara ìwé rẹ̀ kọjá. Ife mẹ́rin ni mo fi sí i, igun kọ̀ọ̀kan sì ní tiẹ̀.

Ọgbà irin gbọ́dọ̀ yí róbọ́ọ̀tì ká, kí ìtànṣán ààbò sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìrìn èèyàn la fi ń wọn ibi tí ìtànṣán náà máa wà: èèyàn lè rin mìlímítà 1,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí róbọ́ọ̀tì bá ń gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó dúró, ẹni náà ti rìn 800. Ìtànṣán kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ róbọ́ọ̀tì tó bẹ́ẹ̀, a sì tún ń fi gígùn apá èèyàn tó lè nà wọlé kún un. Tí ẹ bá ń kọ́ róbọ́ọ̀tì ní ìrìn nínú ọgbà, kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bí ISO 10218, ìlànà àgbáyé lórí ààbò róbọ́ọ̀tì, ṣe wí. Ẹ wo bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn ohun ìdarí yìí: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, róbọ́ọ̀tì ń rìn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó dúró. Bí mo bá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rù, ó dúró bákan náà.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí 10 ní ìṣẹ́jú kan, kó tó di 20, 30, títí dé 40. Bí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì bá tàsé, ẹ má sáré lọ yí ètò róbọ́ọ̀tì padà. Ẹ dá bẹ́líìtì dúró, ẹ fi rúlà wọn àyè àárín páálí níbi ojú iná. Bó bá ti yàtọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 10, ọwọ́ bẹ́líìtì lẹjọ́ wà. Bó bá pé, ẹ tún encoder yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìka tọ́ etí ife kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti là, bó ti wù kó kéré tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa ní mẹ́rin tuntun nílẹ̀ nígbà gbogbo.