Kóòtù Omi Tí Kò Ní Lọ́yà

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà kàtídírà yìí, ní ìlú Valencia, orílẹ̀-èdè Spéènì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, àwọn àgbẹ̀ mẹ́jọ tó wọ aṣọ dúdú á jókòó síbí láti dá ẹjọ́ omi. Kò sí lọ́yà. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́, gbangba ojúde ni wọ́n sì ti ń dá a. Ẹsẹ̀ ni alága wọn fi ń tọ́ka sí ẹni tọ́rọ̀ kàn. Nílé wa, ìwọ̀sí gbáà nìyẹn! Tí wọ́n bá sì ti dájọ́ tán, kò sí pé à ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Omi odò Turia ni wọ́n jọ ń pín. Ọ̀nà omi mẹ́jọ ló ń gbé e lọ sóko, àwọn kan lápá ọ̀tún odò, àwọn kan lápá òsì. Àwọn àgbẹ̀ orí ọ̀nà omi kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní síndic. Òun náà gbọ́dọ̀ lóko níbẹ̀, ọ̀dá tó bá mú wọn kò ní yọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹjọ́ wo ló ń débẹ̀? Ẹnì kan ṣí omi sóko rẹ̀ nígbà tí kò tíì kàn án. Ẹlòmíràn jẹ́ kí omi ya wọ oko aládùúgbò. Òmíràn ò gbá ìdọ̀tí inú kòtò omi tó kọjá níwájú oko rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wọn wà gan-an rèé: tí olùjẹ́jọ́ bá wá láti apá ọ̀tún, àwọn síndic apá òsì ló ń dá a, tó bá jẹ́ ará apá òsì, ti ọ̀tún ló ń dá a. Síndic tirẹ̀ kì í bá wọn dá sí i. Ta ló wá fẹ́ sọ pé ẹni tí àwọn jọ ń du omi ló dá òun lẹ́bi?

Òfin Spéènì ti ọdún 1978 fàyè gba irú kóòtù ìbílẹ̀ báyìí. Ní 2009, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún ìran ènìyàn. Ọdún yẹn kan náà ni Elinor Ostrom ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel. Àgbẹ̀ Valencia wà lára àwọn tó fi ṣe àpẹẹrẹ pé aráàlú lè bójú tó ohun àjọni fúnra wọn.

Lọ́pọ̀ Ọjọ́bọ̀, akéde á pe orúkọ ọ̀nà omi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, nítorí síndic ti parí ìjà náà létí oko. Tẹ́ ẹ bá lọ wò wọ́n, ẹ tètè yọ fóònù yín láti ya fọ́tò o, kì í pẹ́ tán.