Ọmọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ kó tó máa sọ̀rọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ yín ni ò ráàyè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá a ṣe fáwọn òbí n'Íbàdàn, ẹ sì ní kí n kọ ọ́ kẹ́ ẹ lè rí i kà. Òun rèé. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, mi ò tò ó bí ìwé.

Ohun táwọn ìyá máa ń bi mí jù ni pé "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti pé ọdún kan àbọ̀, màmá àti dádì nìkan ló lè sọ, ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí?" Èmi náà á bi wọ́n pé, tẹ́ ẹ bá rán an níṣẹ́, ṣé ó ń jẹ́ ẹ? Wọ́n á máa wò mí, bíi pé kí ni tèmi gan-an. Ẹ rán an jàre. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má nawọ́, ẹ má fojú júwe, ẹ kàn ní "lọ bá mi mú sílípáàsì mi wá". Tó bá yí padà tó lọ wá a, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ló wọ́ bọ̀, ọmọ yẹn ti mọ sílípáàsì, ó mọ ohun tó ń jẹ́ mú wá, ó sì mọ̀ pé tiyín ni, kì í ṣe ti dádì ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú orí ẹ̀, ẹnu ni ò tíì bá a.

Àwọn CDC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìlera ará ìlú l'Amẹ́ríkà, tún ìwé tí wọ́n fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ ṣe ní 2022, iṣẹ́ rírán yìí sì wà ńbẹ̀ dáadáa: ní oṣù 15, ọmọ á ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tẹ́ ẹ sì fọwọ́ júwe, ní oṣù 18, á ṣe é láìsí ọwọ́. Oṣù 18 yẹn náà ni wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta yàtọ̀ sí màmá àti dádì. Tó bá pé ọdún méjì, kó máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "bàbá lọ", tó bá fi máa tó ọdún méjì àbọ̀, ọ̀rọ̀ bí 50. Ohun tí ó kéré tán ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ti máa ń ṣe lọ́jọ́ orí yẹn ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí náà tí tiyín ò bá tíì ṣe é, ẹ má sunkún, àmọ́ ẹ má sọ pé ọmọkùnrin máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ wá jókòó tì í. Lóòótọ́ làwọn ọmọkùnrin máa ń pẹ́ díẹ̀, díẹ̀ ni mo sọ o. (Ti ìrìn ò le tó báyẹn. Ìwádìí tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2006, tí ọmọ Ghana wà nínú ẹ̀, fi hàn pé láti nǹkan bí oṣù 8 sí nǹkan bí oṣù 17 àbọ̀ lọmọ tára ẹ̀ dá lè dá rìn, àwọn míì ò tiẹ̀ rákòrò rárá.)

Ẹ tún máa fetí sí ohùn ẹ̀. Ọmọ wa tètè máa ń mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kí lẹ́tà tó pé lẹ́nu ẹ̀. Ó lè pe bàtà ní "àtà", ohùn ẹ̀ ṣe wẹ́kú, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó ń sọ. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì bá a wí, ẹ kàn dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ni, bàtà ta ni?"

Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ rírán lọ, torí ibi tó kù sí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. À ń rán ọmọ níṣẹ́, à ń pàṣẹ fún un, dìde, jókòó, má fọwọ́ kàn án, àmọ́ a kì í dúró gbọ́ èsì. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń ki oríkì ẹ̀, tó bá wò ó lójú dákẹ́ díẹ̀, ọmọ á ní "ẹ̀ẹ́ẹ̀", ìyá àgbà á ní "ṣé lóòótọ́?", ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, ọmọ oṣù mẹ́rin ni.

Fóònù ò lè ṣe ìyẹn. Ní 2003, Patricia Kuhl, onímọ̀ kan tó ń wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Seattle l'Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé jọ, wọ́n ní káwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà máa kàwé fún wọn, máa bá wọn ṣeré, ìgbà 12 péré. Àwọn ọmọ yẹn mú ìró èdè náà bíi pé Taiwan, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn tó wo ohun kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n ò mú nǹkan kan. Ẹ wá sọ fún mi pé kátúùnù ló ń kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì. WHO náà sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá.

Màmá kan dìde níbẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ òun wà ní London, Yorùbá lòun máa ń bá a sọ lórí fídíò, àmọ́ ìyàwó ọmọ òun ní á da ọmọ náà lórí rú. Mo ní màmá, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Fídíò tí ẹnìkan ti ń dá ọmọ lóhùn kì í ṣe kátúùnù. Èdè méjì ò sì ń so ọmọ lẹ́nu, kàkà kẹ́ ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ẹ ka ti méjèèjì pọ̀. Ilé tí wọ́n ti pa Yorùbá tì torí jẹ́-lé-ó-sinmi, tí Gẹ̀ẹ́sì ò sì yọ̀ mọ́ ìyá lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tọ́mọ ń gbọ́ ló ń dín kù níbẹ̀.

Wàyí o, ọmọ tẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ tí kì í wẹ̀yìn, tí ò nawọ́ sí nǹkan kẹ́ ẹ lè bá a wò ó títí tó fi pé oṣù 18, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé abẹ́ ahọ́n ẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀, ahọ́n tó so kì í ní kọ́mọ má gbọ́ èdè. Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibà pọ́njú (jaundice) tó le lára ọmọ tuntun lè ba etí jẹ́, káńfọ̀ tá à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì wà lára ohun tó ń fà á, àgàgà fáwọn ọmọ tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó lára wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa. Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ibà pọ́njú yìí àti àyẹ̀wò etí ọmọ tuntun l'Ékòó. Ẹ kó káńfọ̀ yẹn dànù.

Tẹ́ ẹ bá wà n'Íbàdàn, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ọmọ ò nílò kó mọ ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tó yẹ etí ẹ̀ wò, ọmọ kékeré tó ń sùn ló tiẹ̀ rọrùn fún wọn jù, torí náà ẹ fún un lọ́mú yó dáadáa kó tó kàn yín.